Ẹ̀fọn Inú Ọyẹ́

Ẹ̀fọn ni, gbogbo agboolé ló wí bẹ́ẹ̀.
Káámìlù ra nẹ́ẹ̀tì tuntun ní Ọjà Ọba,
ó fín oògùn títí adìyẹ fi ń sín.
Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé, ètè ti sán.
Ta ló rí ẹ̀fọn nínú ọyẹ́ ní Dàda?

Apá ló ti bẹ̀rẹ̀:
kókó pupa, ó le, ó ń yún mi dójúmọ́.
Nígbà tó yá, ó gbomi sínú, ó bẹ́,
ó fi àpá dúdú sílẹ̀;
òmíràn ti yọ lẹ́yìn etí.
Wọ́n ní èélá ni. Wọ́n ní kí ni mo jẹ.
Ọṣẹ dúdú, àdí, òróró tí ààfáà kéwú sí,
mo lò ó tán.

Amọ̀kòkò ni mí. Ogójì ọdún.
Bí ìkòkò bá wú níta, a kì í bá ìta wí:
òkúta kan ló sùn sínú amọ̀
níjọ́ tí a ń gún un.
Ohun tí mo wí fún dókítà nìyẹn,
ní ọsibítù ńlá ọ̀nà Jẹ́bà.
Kò rẹ́rìn-ín.
Ó fọwọ́ wá ọrùn mi, ó wá abíyá,
bí àtàńpàkò mi ṣe ń wá òkúta.
Ó gé awọ bíńtín, kò tó hóró ìrẹsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Kì í ṣe ẹ̀fọn.
Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni:
àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló ń bí sí i, tí wọn ò kú mọ́,
wọ́n wá ń ké “olè! olè!” sí afẹ́fẹ́ lásán,
awọ mi ló sì ń jẹ lílù olè náà.

Ó ní jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ó ní a ó máa ṣọ́ ọ.
Káámìlù fò dìde: “Ẹ ṣọ́ kí ni? Ẹ yọ ọ́!”
Èmi ni mo ní kó jókòó.
Ẹni tó bá kánjú tú iná ìkòkò,
àfọ́kù ni yóò kó relé.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá.
Mo ń wọ́n omi èèpo irúgbá sára ìkòkò gbígbóná,
ó ń hó, ó ń dán,
ni ẹ̀fọn kan bà lé ọrùn ọwọ́ mi, ẹ̀fọn gidi.
Ẹ̀rín pa mí.
Ìwọ tí wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ tán,
ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?