Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì,
ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń sọdá Òwèńà,
láti Bólórundúró dé Àkúrẹ́,
orí mi lára fèrèsé mọ́tò,
ẹ̀dọ̀ mi wúwo bí àpò kòkó tí òjò pa.

Abẹ́rẹ́ á wọlé nírọ̀lẹ́.
Ibà rẹ̀ á gbọ̀n mí jìgìjìgì mọ́jú,
Ìbídùn á da aṣọ mẹ́ta bò mí, á tún da ẹ̀kẹrin.
Kí àkùkọ tó kọ, oògùn ti ń lọ.
Kíndìnrín ti sẹ́ ẹ dànù,
mo ti tọ owó mi sẹ́yìn ilé.
Ibà ló kù. Àti kòkòrò inú ẹ̀dọ̀,
tó jókòó bí ẹni tó san owó ilé.

Dókítà Adétìmẹ́hìn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá, ẹ ti fọ́ kòkó tútù rí?"
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n bí sídìí àgbọ̀n kòkó!
"Ṣé hóró rẹ̀ ṣe é dì mú?"
Kò ṣe é dì mú. Aṣọ funfun ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́.

"Oògùn àná náà ni," ó ní, "a kò pààrọ̀ rẹ̀.
Wọ́n kàn so okùn tín-ín-rín mọ́ ọn lára,
okùn tó fẹ́ràn omi. Omi rọ̀ mọ́ okùn,
ó di ẹ̀wù, ó tóbi ju ojú asẹ́ lọ.
Àwọn tó ń gé e jẹ nínú ẹ̀jẹ̀
fọwọ́ kàn án, ọwọ́ wọn yọ̀."

Mo ní ṣé ẹ̀wù yẹn ò ní dí i lọ́wọ́ iṣẹ́?
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Á dí i díẹ̀. Ẹni tó wọ ẹ̀wù òjò
ò lè ju àdá bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì,
ta ni òjò máa lé kúrò lóko?"

Ní báyìí, ọjọ́ Ẹtì nìkan.
Ibà ẹ̀ẹ̀kan. Aṣọ méjì tó.
Tó bá di ọjọ́ Ajé, tí mo wà lábẹ́ kòkó,
mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń roko nínú mi,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀wù lọ́rùn.

N kò tíì sọ pé mo yè.
Èsì àyẹ̀wò di oṣù Bélú.
Ṣùgbọ́n Ìbídùn ti ká aṣọ kẹrin sínú àpótí,
mo sì fọ́ kòkó kan láàárọ̀ yìí, mo di hóró rẹ̀ mú,
ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi,
mo kí i.