Apá Aṣọ Tó Ya

Lọ́jọ́ náà ní Wínípẹ̀gì, itọ́ èèyàn ń dì kó tó kanlẹ̀.
Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ńlá kan ní òpópónà Pọ́tèèjì ni mo dúró sí,
èmi tí mo fìgbà kan kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì nílùú Ìlá,
tí mo wá di olùṣọ́ bàtà.

Bàtà yìnyín ni Marisẹ́l fi pamọ́ sábẹ́ kóòtù.
Mo dì í mú. Ó gé mi jẹ níka.
Apá aṣọ iṣẹ́ mi ya fàà, ó ya dé ìgbọ̀nwọ́.
Mo ní, "Ọwọ́ pálábá rẹ ségi lónìí!"
Mo ń retí ṣẹkẹṣẹkẹ̀.

Bírò ni Gàgínọ̀n ọlọ́pàá yọ lápò.
Ó kọ ìwé pélébé kan, ó ní
ọ̀rọ̀ yìí kò ní dé kóòtù bí ẹ bá lè jókòó.
Kí n bá olè jókòó?
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wo ìka mi.
Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé níbí, ìwé ọ̀daràn a máa ṣáájú ẹni dé ibi iṣẹ́,
a máa dúró de ẹni lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a fẹ́ háyà.
Mo lọ.

Abẹ́ ilé ìkàwé. Àga mẹ́fà, tíì, bisikíìtì tó ti rọ̀.
Orísíà, ìyá arúgbó tó ń darí wa, kò bá ọmọ náà wí.
Èmi ló kọjú sí: "Kí ló dùn ọ́ jù?"
Mo lanu kí n sọ̀rọ̀ ìka.
Ohun tó jáde ni pé, láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn,
òun lẹni àkọ́kọ́ tó wo ojú mi,
ó sì wò ó dáadáa kó tó gé mi jẹ.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Marisẹ́l. Ẹkún tẹ̀ lé e.
Ó ní sálúbàtà ni àbúrò òun ń wọ̀ lọ sílé ìwé.
Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bàtà náà kéré.

Mo jí gègé rí, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.
Wọ́n fi èédú kùn mí lójú, wọ́n sìn mí yí àdúgbò ká.
A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀;
èmi ò dé kóòtù kankan,
síbẹ̀ mi ò kí ẹni tó mú okùn yẹn mọ́, títí ó fi kú.

A fẹnu kò: Sátidé mẹ́jọ níbi tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ òtútù fún aláìní,
kó sì rán apá aṣọ mi.
Ó rán an. Òwú pupa lórí aṣọ dúdú, wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà èèrà.
Mánéjà ní kí n wá gba òmíràn.
Mo ní ó tì.

Sátidé méje ló wá. Ìkẹjọ, kò yọjú.
Orísíà kò pe ọlọ́pàá, ilé wọn ló pè.
Aago ń dún, ń dún.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà,
mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń kọjá.