Àgọ́ Pọ́n-ùn Mẹ́jọ

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú ní Dọ́ńdíì,
lẹ́yìn bàtà àlòkù àti ife tí etí rẹ̀ ti kán,
ni mo ti rí i: àgọ́ aláwọ̀ ewé, pọ́n-ùn mẹ́jọ.
Obìnrin tó ń tà á ní èèkàn mẹ́ta ti sọnù.
Mo ní kò burú, a ní fọ́ọ̀kì nílé.

Àwọn ọmọ kíláàsì Fèyíkẹ́mi ti lọ sí Sípéènì,
ẹnì kan tilẹ̀ lọ wo erin ní Kẹ́ńyà.
Èmi ka owó tó kù lẹ́yìn rẹ́ǹtì, lẹ́yìn iná,
lẹ́yìn èyí tí mo fi ránṣẹ́ sílé fún ojú ìyá mi.
Mo tún un kà, bóyá ó ti bímọ.
Kò bímọ.

Bọ́ọ̀sì gbé wa títí ọ̀nà fi sú u.
A sọ̀, a ń rìn. Mo ru àgọ́ àti ìkòkò,
Fèyíkẹ́mi pọn gààrí bí ọmọ tuntun,
Ládiméjì di igi kan mú, ó ní ìbọn ni,
kò ru nǹkan kan, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ̀.
Àgùntàn ń wò wá bí ẹni pé a jẹ wọ́n lówó.

Ìyá mi pè kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú.
"Inú igbó? Ìwọ àti ta? Ṣé wọ́n lé yín jáde nílé ni?"
Mo ní, "Rárá, Màmá, ìsinmi ni."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní Ilé-Olújì.
"Bàbá rẹ sun abà fún ọdún mọ́kànlá
kí ìwọ má baà sùn ún."
Mi ò rí èsì fọ̀.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mi dáhùn: ó lọ.

Etí odò la pàgọ́ sí, fọ́ọ̀kì mẹ́ta di èèkàn.
Omi náà tutù débi pé ó ń bu eyín jẹ;
mo sè é, mo jẹ́ kó tún tutù, a fi rẹ gààrí.
Kòkòrò kantíkantí dé, wọn ò kí wa.
Ládiméjì ń gbá ara rẹ̀ létí lọ́tùn-ún lósì
bí ẹni tó ṣẹ ara rẹ̀.
Aago mẹ́wàá alẹ́, oòrùn ṣì jókòó sórí òkè
bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò fẹ́ relé.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan yọ, òun àti ajá.
Àyà mi já. Mo ti ń to Gẹ̀ẹ́sì sẹ́nu:
òfin ibí gbà wá láyè, a ò dáná sílẹ̀,
a ó kó pàǹtí wa lọ, títí kan èèpo ẹyin.
Kò bèèrè. Ó tọ́ka sí odò, ó tọ́ka sí ojú ọ̀run,
ó ní òjò ń bọ̀ lóru, omi yìí kì í mọ ààlà.
Ó di etí àgọ́ kan mú, mo di ìkejì,
a gbé e gòkè bí ẹní tí oúnjẹ ṣì wà lórí rẹ̀,
Ládiméjì ń rìn nínú rẹ̀, ó kọ̀, kò jáde.
Ajá lá ìyókù gààrí wa.

Òjò dé lóòótọ́.
Ojú kan ṣoṣo ni àgọ́ ti ń jò, òkè orí mi.
Mo gbé ìkòkò síbẹ̀: tó, tó, tó.
Fèyíkẹ́mi ń kà á lédè Yorùbá,
ó ṣìnà ní márùndínlógójì, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ẹsẹ̀ mẹ́fà lábẹ́ kúbùsù kan;
mi ò mọ tèmi, àfi èyí tó tutù jù.

Láàárọ̀, ibi tí a kọ́kọ́ pàgọ́ sí ti di odò.
Fọ́ọ̀kì ku méjì. A wá ìkẹta
títí bọ́ọ̀sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wá sílẹ̀.

Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, Ládiméjì bi mí
bóyá abà bàbá àgbà náà máa ń jò.
Mo ní mi ò mọ̀.
Kò jẹ́ kí n dé ibẹ̀ rí.