Ẹsẹ̀ Méjì fún Ìbọn

Ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi,
lórí àpáta lẹ́yìn Ìsánlú, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ọyẹ́ kan:
ó ń gbọ̀n bí ewé kaṣú tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò kúrò lórí rẹ̀.
Ìgalà dúró, ó fẹ̀gbẹ́ hàn mí bí ẹni tó ń dúró ya fọ́tò.
Mo yìnbọn. Òkúta ló gba ọta.
Ìgalà wò mí kó tó lọ.
Mo ní, ó wò mí.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.
Mo ní òtútù ni. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi ní ọsibítù ni.
Arókoyọ̀, tó ti ń gbé àpò tẹ̀lé mi kó tó hu irùngbọ̀n,
kò bi mí léèrè. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi lójú ọ̀nà,
igi tó tọ́, igi tí kò ní kókó,
bí ẹni tó ń wá ìyàwó fún àbúrò rẹ̀.

Èmi gba Kábbà lọ.
Ọmọkùnrin kan tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti bàtà òjò
ní, "Ọ̀kún o, Bàbá," ó gbé irin kan jáde,
dúdú, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó ń nà, ó ń ká bí itan tata.
"Èyí ò ní gbọ̀n láéláé."
Ta ló sọ fún un pé nǹkan kan ń gbọ̀n?
Mo san owó àpò kaṣú kan àti ààbọ̀.

Àpáta gbà á. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àyà lé òkúta,
ìbọn jókòó bí olóyè.
Ṣùgbọ́n ẹran wa kì í sùn sórí àpáta.
Ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí koríko ti ga ju ọmọ ọdún méjìlá lọ;
bí o bá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ìdí koríko nìkan lo máa rí, àti èèrà.
Mo bá kúnlẹ̀, mo na ẹsẹ̀ irin náà: kẹ́! Ìkejì: kẹ́!
Ní òwúrọ̀ tó dákẹ́ báyẹn, ó tó aago ṣọ́ọ̀ṣì.
Kí n tó gbójú sókè, ìrù funfun ti kọjá odò Ọ̀yì.
Arókoyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu.
Mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa á mọ́ra.

Àtòrì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀;
ẹni tó gbára lé e, pàṣán ló gbára lé.
Ẹmì lágbára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣá ẹmì
kí àwọn ìyá tó ń ṣa èso rẹ̀ gbọ́?
Ayìn le, ó wúwo. Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ẹ̀yìn ìjọ́sí.
Igi ata la mú, méjì, tó sanra bí àtàǹpàkò;
a bó èèpo rẹ̀, a sá a síbòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
nítorí oòrùn a máa la igi tútù.

Mo jókòó sórí ebè. Arókoyọ̀ gbé igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:
"Bàbá, ẹ má na ọrùn. Ibi tí àgbọ̀n yín dé gan-an ni mo fẹ́."
Ó fi àdá sàmì síbẹ̀.
A fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í, ọwọ́ kan sí orí:
bí mo bá fà á, á yà, kò ní dún;
bí mo bá pa á pọ̀, á di ọ̀pá ìtilẹ̀.
Ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà oko yóò ní ọ̀pá arúgbó ni.
Kò parọ́.

Irin Kábbà ńkọ́? Ìyá Bọ̀lárìn
ti fi gbé ìlẹ̀kùn ilé adìẹ ró.
Ó ní òun ò rí nǹkan tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lánàá, mo gbé ìbọn sáàárín igi méjì.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nísàlẹ̀, bó ti ń ṣe.
Igi ò bá a gbọ̀n.
Ìgalà jáde láti inú koríko, ó fẹ̀gbẹ́ hàn.
Mi ò kánjú.
Láti ọjọ́ ọyẹ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí
tó jẹ́ pé èmi ni mò ń wò ó.