Bí Ẹ Ṣe Wà

Ní àgọ́ wa ní Tòpó, lẹ́bàá ọ̀sà Àgbádárìgì,
agogo mẹ́rin ìdájí ni fèrè máa ń fọ́ oorun wa bí àwo.
Sájẹ́ǹtì Húnpàtìn á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà,
bàtà ẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ìràwọ̀ ń fi í wo ojú.
Ọjọ́ kìíní, ó ní:
"Ìyá yín ò sí níbí. Èmi ni ìyá yín.
Ẹ má ṣáà wá ọmú."
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ bóyá àṣẹ ni.

Òkúta wà nínú ẹ̀wà. Ó ní òkúta yẹn ni ẹran.
Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀:
"Orí ọ̀hún ṣì wà lọ́rùn nìyẹn.
Sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."
Àgbọn já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mautin tó ń tòògbé lẹ́nu ẹ̀ṣọ́;
àgbọn ló kí kú iṣẹ́,
Mautin ló tì mọ́lé.

Kì í ṣe fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ ló le jù,
kì í ṣe ká fi ikùn wọ́ nínú iyanrìn gbígbóná.
Á ní ká yí sọ́tùn-ún, a ó yí,
kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn.
Á pariwo: "Bí ẹ ṣe wà!"
A ó padà, bí ẹni pé a ò yí rí.

Lálẹ́, Mautin á sín ohùn ẹ̀ jẹ,
a ó fi ìbora dí ẹnu kí ẹ̀rín má tú wa fó.
Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn
kì í gbọ́ ẹkún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mautin ò bá wa bọ̀ láti òkè ọya.
Bẹ́líìtì kan àti bàtà kan ni wọ́n kó fún ìyá ẹ̀ l'Ájárá.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ wo Sájẹ́ǹtì lọ́sibítù.
Ó ti rù bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé.
Ó ní, "Orí ń fọ́ mi."
Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀:
"Orí ọ̀hún ṣì wà lọ́rùn nìyẹn, sà."
Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni wo aláìlójútì.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀,
ó wá béèrè ta ló kù nínú wa.
Mo ń dárúkọ, ó ń ká ìka kò.
Ìka kù.

Mo kí i bí ológun, mo fẹ́ máa lọ.
Ọwọ́ tó gbé sókè ò kọjá àyà.
"Bí o ṣe wà," ó wí.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ pọ̀, apá mọ́ ẹ̀gbẹ́,
n ò rántí ibi tí mo máa padà sí.