Iyọ̀ Lẹ́yìn Ọmọ Màlúù

Kwali, oṣù ọyẹ́, aago márùn-ún àárọ̀.
Mo ki ìka méjì bọ ẹnu ọmọ òrukàn,
mo rọra tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ sínú korobá,
kí ó lè rò pé ọmú ni mí.
Ahọ́n rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó gbóná ju ọwọ́ mi lọ.
Ó sín, ó húkọ́, ó da wàrà sí mi ní bàtà,
ó tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní màlúù tí kò nírù,
Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin.
Èyí nírù o, ìrù gígùn, ṣóńṣó rẹ̀ funfun.
Ìyá ni kò ní.
Ìyá bí i lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò rí àárọ̀ Jímọ̀.
Inna Kumbo ló fún wàrà àkọ́fún lọ́mú òkú
kí ara rẹ̀ tó tutù:
ó pọ́n bí inú ẹyin, ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná.
Ó ní, "Èyí kì í ṣe oúnjẹ. Ààbò ni."

Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ka lítà,
ọmọ Ìgbẹ́tì, ọmọ aránṣọ,
téèpù ìyá mi ni mo fi ń wọn àyà rẹ̀ ní Sátidé.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, bákan náà.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ jìn sínú.
Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi ìbú èékánná kan sanra;
mo kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni tó gbowó oṣù.

Ọkọ̀ oníwàrà ń fun fèrè lẹ́nu géètì.
Garki ń dúró de yógọ́ọ̀tì.
Alhájì ní, "Lítà tó bá wọkùn ọmọ,
àpò mi ló ti jáde."
Inna Kumbo ò fèsì.
Ó fún ọmú mẹ́ta, ó fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀.
"Ti ẹni tó ni ín nìyẹn."

Àná, ó bu iyọ̀ sọ́wọ́,
ó fi pa ẹ̀yìn ọmọ náà láti ọrùn dé ìdí,
ó tì í síwájú abo funfun tí ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.
Abo náà ta á nípàá.
Ó tún ta á nípàá.
Lẹ́yìn náà ó gbóòórùn rẹ̀,
ó lá a lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò,
ó lá a títí irun rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra,
títí iyọ̀ fi tán.
Iyọ̀ tán, kò dúró.

Láàárọ̀ yìí mo gbé korobá dé,
ọmọ náà ò tilẹ̀ wojú mi.
Mo nu ìka mi mọ́ ṣòkòtò; wàrà ni wọ́n ṣì ń rùn.
Aránṣọ tó tọ́ mi n'Ígbẹ́tì, kì í ṣe òun ló bí mi.
N ò bi í rí
irú iyọ̀ tí wọ́n fi pa mí lẹ́yìn.