Àpò Ṣòkòtò

Súbédà, mo fi ẹrù yìí rán awakọ̀ tó ń lọ sí Hálíyàl.
Má jẹ́ kí ó gbowó lọ́wọ́ rẹ, mo ti san án.
Kí o tó tú okùn rẹ̀, fọwọ́ pa á wò ná:
ó le ní etí kan bí àtẹ́lẹsẹ̀ darandaran.
Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ mi tó rọ̀.

Ọwọ́ tó ń tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù láti àárọ̀,
tí òróró dúdú ti di tìróò sí ìdí èékánná rẹ̀,
òun ni mo fi mú abẹ́rẹ́.
Àwọn ọmọṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.
Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé ìwọ lo lóyún ni?"

Ṣé o rántí Ìyá Àgbà Kátúmbí lórí pèpéle,
tí òjò ń na igbó bí ẹni ń pakà,
tí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa ń rùn tútù?
O ò lè rántí. Inú ìyá wa lo wà.
Ọmọ ọdún méje ni mí, èmi ni ojú rẹ̀:
mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́,
ẹ̀pà yíyan kan fún òwú kan.
Etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ káwándì, kì í ti àárín bẹ̀rẹ̀.
Yóò rán an yí po, yóò rán an yí po,
bí ẹni ń yí ilé ká kí ó tó wọlé.
Sárì ìyá rẹ̀, ó gé e.
Aṣọ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, èyí tí ọkọ kò wá, ó gé e.
Láwàní bàbá wa, tó ṣì ń rùn tábà.
Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà,
kò sì sí àkísà kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó wò mí látòkè délẹ̀.
Ṣòkòtò ilé-ìwé mi, tí kò tíì gbó rárá.
"Bọ́ ọ."
Mo sunkún. Mo ní ọmọ tí kò tíì dáyé
ti ń sọ mí dìhòòhò.
Kò dá mi lóhùn. Ó gé e, ó rán an mọ́ ọn,
ṣùgbọ́n kò rán ẹnu àpò rẹ̀ pa.
"Èyí tìrẹ. Bí òun bá ń sùn, wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ń tọ́jú ẹ̀pà mi sí.
Nígbà tí eyín rẹ hù, o jẹ gbogbo rẹ̀.
N kò tíì dárí jì ọ́.

Kí ó tó rán ihò tó gbẹ̀yìn pa, ó bu ìrẹsì sí i nínú:
aṣọ tí ebi ń pa, ó ní, kò lè mú ọmọ sùn.
Èmi náà bu tèmi. Ìdajì dà sílẹ̀, èèrà rí jẹ.

Òdòdó igun rẹ̀ ńkọ́? Mo ká a, mo tú u, mo tún un ká.
Mẹ́ta jọ òdòdó. Ẹ̀kẹrin jọ etí ewúrẹ́.
Má tún un ṣe.
Kátúmbí ní igun tí kò ní òdòdó, ìhòòhò ló wà;
kò sọ nǹkan kan nípa etí ewúrẹ́.

Inú mi dùn, Súbédà, jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́.
Lálẹ́, tí iná bá lọ ní Húbílì,
mo ń rán an lẹ́bàá àtùpà, ó tẹ́ bo ẹsẹ̀ mi,
ó ń móoru kí ó tó di tọmọ rẹ.
Ẹni tó ń rán ìbora fún ẹlòmíràn,
òun ni òtútù kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀.

Wá àpò kan lápá òsì, lára aṣọ iṣẹ́ mi.
Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, òórùn epo kò lọ.
Ẹ̀pà méje wà níbẹ̀. Ti ọmọ tuntun kọ́.
Ti Jáfárì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Má fọwọ́ kàn án.

Má sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ náà.
Àwọ̀ pupa yẹn ń ṣí.